Bí Mo Ṣe Mú Bàámi Lọ Gbafẹ́ Lórí Òkun

Yàrá àárín ni kí ẹ mú. Gbogbo ẹni tó bá ti gbọ́ pé mo ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú òkun rí, tó wá bá mi nílé ní Lugbe, ní Àbújá, pé òun àti ìyàwó òun fẹ́ lọ ṣe fàájì lórí omi, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún un nìyẹn. Yàrá àárín, nísàlẹ̀, níbi tí ọkọ̀ kì í ti í mì jù. Wọn kì í gbọ́. Wọ́n á ní àwọn fẹ́ yàrá òkè tó ní fèrèsé ńlá, kí àwọn lè máa wo òkun láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó dáa, ẹ máa wò ó. Mo ti tún yàrá ṣe fún àwọn olówó tó san owó gọbọi nítorí fèrèsé, tó jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi dojú bolẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀, tí wọn ò rántí pé fèrèsé kankan wà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló gba ìmọ̀ràn mi láìjiyàn. Bàámi ni. Àmọ́ kì í ṣe fàájì ló gbé Bàámi wá. Wọ́n wá mú mi lọ sílé ni.

Káfíńtà ni Bàámi, ọmọ Ìsẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Àbújá, tó jẹ́ pé eruku pupa àti katakata ló kún ibi gbogbo, Bàámi kó wa wá sí Karmo. A gba yàrá méjì láàárín àwọn Gwari, onílẹ̀ ibẹ̀, Bàámi sì ń bá agbaṣẹ́ṣe kan ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní Wuse. Èmi ni àkọ́bí. Mo lọ sí iléèwé àwọn olùkọ́, mo gba ìwé ẹ̀rí, mo kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké fún ọdún méjì. Inú Bàámi dùn débi pé wọ́n kan àga kan fún mi, wọ́n ní ti tíṣà nìkan ni, àbúrò mi kankan ò gbọdọ̀ jókòó sí i. Àga ọ̀hún tóbi ju yàrá lọ. Gbogbo wa la ń fi ẹsẹ̀ kọ ọ́.

Mo wá kúrò nílé. Bí mo ṣe rìn ín títí mo fi dé ẹnu ọkọ̀, ọ̀rọ̀ gígùn ni, kò sì dùn ún sọ. Iṣẹ́ tí mo rí ṣe ni títẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Yàrá méjìlá ló wà lábẹ́ mi. Láàárọ̀, màá tún wọn ṣe látòkè délẹ̀. Nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn àlejò bá lọ jẹun, màá tún padà lọ ṣí ṣíìtì sílẹ̀ dè wọ́n. Tíṣà àná, ẹ wò ó lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fọ ṣáláńgá òyìnbó.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo dójú ti ara mi. Mo pàdé ìyá àgbà òyìnbó kan ní ọ̀ọ̀dẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ kí i. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀ o, orúnkún mi ló lọ fúnra ẹ̀. Ìyá figbe ta, ó ju ọ̀pá ẹ̀ sílẹ̀, ó gbá apá mi mú, ó ń pe dókítà. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti gbé mi dé yàrá ìtọ́jú, wọ́n ń wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ń rọ omi ṣúgà sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Mo kàn ń kí wọn ni." Dókítà wò mí, ó ní láti òní lọ, kí n máa fi ẹnu nìkan kí èèyàn.

Ẹ̀rín ni mo ń fi sọ ọ́ báyìí. Nígbà náà, mo sunkún. Àwa mẹ́rin la wà nínú yàrá òṣìṣẹ́, lábẹ́ omi pátápátá, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń bú mọ́ èèyàn létí tọ̀sán tòru. Àwọn mẹ́ta yòókù jẹ́ ọmọ ìlú kan náà, wọ́n ń sọ èdè wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì lawọ́ sí mi. Àmọ́ ohun tó ń pa mí lára ni pé kò sẹ́nì kan nínú gbogbo ọkọ̀ ọ̀hún tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́. O ṣiṣẹ́ títí ẹ̀yìn ẹ fẹ́ kán, èèyàn á kọjá lórí ibi tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, á ní "hẹ̀lóò." Hẹ̀lóò ti kí ni? Nígbà míì, tí mo bá parí yàrá kejìlá, màá dúró níwájú dígí, màá sọ fún ara mi pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí." Màá sì dáhùn pé, "Ẹ ṣeun o."

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí ọkọ̀ wa bá ti wà ní èbúté, màá pe tẹlifóònù ọ́fíìsì agbaṣẹ́ṣe tí Bàámi ń bá ṣiṣẹ́. Màámi á ti dúró síbẹ̀ láti àárọ̀.

"Ọmọ mi! Ṣé o ti jẹun? Ṣé omi yẹn ò tíì gbé yín lọ?"

"Rárá, Màámi. Bàámi ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbí."

"Ẹ fún wọn ní fóònù."

"Wọ́n ní gúlúù wà lọ́wọ́ àwọn."

"Gúlúù náà ni wọ́n sọ lóṣù tó kọjá. Oṣù tó ṣáájú ìyẹn, wọ́n ní ìṣó gún àwọn. Ṣé Bàámi ò ní ọwọ́ tó mọ́ ni?"

"Má pariwo mọ́ mi o. Èmi kọ́ ni mo rán ẹ lọ sórí omi."

Ọdún kan kọjá kí Màámi tó sọ òótọ́ fún mi. Péńtà kan wà, ará Ìwó, tí òun àti Bàámi jọ ń ṣiṣẹ́. Ó bi Bàámi lójú gbogbo bíríkìlà pé, "Káfíńtà, ṣé lóòótọ́ ni pé tíṣà yín ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún òyìnbó?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, tí ẹnikẹ́ni bá béèrè mi, "ó wà lókè òkun" ni wọ́n ń sọ, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá igi. Ojú ń ti Bàámi nítorí mi. Ó dùn mí wọra, inú sì bí mi. Mo máa ń nu dígí nígbà yẹn bí ẹni pé dígí ló ṣẹ̀ mí.

Tí àwọn àlejò inú ọkọ̀ bá bi mí níbi tí mo ti wá, Àbújá ni mo ń sọ. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Ìlú wo nìyẹn? Màá ní wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ni. Wọ́n á rò pé mò ń ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ òdodo ni: yàtọ̀ sí àwọn Gwari, kò sẹ́ni tí kì í ṣe àlejò níbẹ̀ nígbà náà. Nínú àdúgbò wa ní Karmo, ẹni tó dé lánàá á máa kí ẹni tó dé lónìí káàbọ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ náà fi wá mọ́ mi lára. Níbẹ̀ náà, gbogbo wa la dé. Lọ́dún kẹta, mo ti ń fi orin tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn àlejò kan ń kọ̀wé sí ọ́fíìsì pé tí àwọn bá tún ń bọ̀, ní ọ̀ọ̀dẹ̀ tèmi ni kí wọ́n fi àwọn sí. Èmi náà! Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, kí n má parọ́.

Òṣìṣẹ́ tó bá ti lo ọdún mẹ́ta lè mú bàbá tàbí ìyá ẹ̀ wá gbafẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, láti èbúté Las Palmas, ní ilẹ̀ Sípéènì, yíká àwọn erékùṣù tó wà lágbègbè ibẹ̀. Màámi ni mo kọ́kọ́ pè.

"Èmi kẹ̀? Kí n lọ sùn lórí omi? Láéláé! Bàbá ẹ ló ń bọ̀." Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àmọ́ gbọ́ o. Wọ́n ti bá ọ̀gá iléèwé kan ní Garki sọ̀rọ̀. Lẹ́tà iṣẹ́ tíṣà ẹ ti wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní tí ọkọ̀ yẹn bá ti gúnlẹ̀, ẹ jọ ń bọ̀ wálé ni."

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ máa gúnlẹ̀ gan-an ni mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé tuntun: ọdún méjì sí i, wọ́n á sì fi mí ṣe ọ̀gá lórí òṣìṣẹ́ mẹ́fà. Mo fẹ́ ẹ gan-an. Ṣùgbọ́n kí Bàámi wá láti Àbújá, kí wọ́n dúró síwájú mi, kí wọ́n ní "ọmọ mi, ó yá, jẹ́ ká lọ," kí n wá wo ojú wọn kí n ní rárá? Mi ò lẹ́nu ẹ̀.

Síbẹ̀, mo fi ohùn sínú kásẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́ sí Bàámi, torí ẹni tó ń bọ̀ wá mú mi náà ò gbọdọ̀ jìyà lọ́nà.

"Bàámi, ẹ káàárọ̀, àbí ẹ káalẹ́, ìgbà yòówù tí ẹ bá ń gbọ́ ọ. Ẹ mú báàgì kékeré kan dání yàtọ̀ sí ńlá. Wọ́n máa gba ńlá lọ́wọ́ yín ní èbúté, ó sì lè di ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó tún fojú kàn án. Oògùn yín, búta àlùwàlá yín, aṣọ pààrọ̀ kan, inú kékeré ni kí ẹ kó wọn sí. Ẹ mú súwẹ́tà. Òkun kì í ṣe Karmo, atẹ́gùn ibẹ̀ á wọ yín léegun. Ẹ má wọ bàtà tí abẹ́ ẹ̀ ń yọ̀. Ẹ wá ata-ilẹ̀ gbígbẹ, kí ẹ máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ má lọ dùbúlẹ̀ o. Ẹ jáde síta, ẹ tẹjú mọ́ ọ̀nà jíjìn, ẹ jẹ bisikíìtì. Oúnjẹ alẹ́, ìpín méjì ni wọ́n máa ń pín àwọn àlejò sí. Mo ti fi orúkọ yín sí ìpín àkọ́kọ́, torí kí ìpín kejì tó jókòó, ẹ ti sùn lọ. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀, mo ti kìlọ̀ fún wọn. Tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ sí ìlú kan, aago inú ọkọ̀ ni kí ẹ fi rìn, ẹ má wo ti ìlú. Ọkọ̀ náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

Màámi ní kásẹ́ẹ̀tì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ já, torí gbogbo àdúgbò ló ń wá gbọ́ ọ. Ìyá Gwari tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí kò gbọ́ Yorùbá kankan, ti ń béèrè ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ń lọ.

Bàámi dé pẹ̀lú súwẹ́tà lórí agbádá, báàgì méjì lọ́wọ́, tépù tí wọ́n fi ń wọn igi nínú àpò. Mo kúnlẹ̀ dáadáa ní ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, mi ò wo ojú dókítà kankan.

"O ti rù," ni Bàámi wí. Ìyẹn nìkan. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ìka kan ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀. "Pákó kọ́ nìyí. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ ni."

Ọ̀gá mi, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, ti fi Bàámi sí yàrá àárín lọ́wọ́ ìsàlẹ̀, nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ tèmi. Òkun ru lọ́jọ́ kejì. Àwọn tó wà lókè ń bì. Bàámi ń jẹ ẹyin. Ohun tó dààmú wọn ni ìrun. Lọ́sàn-án, mo fi Gábàsì hàn wọ́n. Nígbà tó fi máa di ìrun alásàrí, ọkọ̀ ti yí, wọ́n sì ti kọjú sí Amẹ́ríkà. Mo bẹ ọ̀dọ́kùnrin kan lára àwọn tó ń tukọ̀, ó wá ń fi bébà kékeré kan ránṣẹ́ láràárọ̀ pé wákàtí báyìí, ọwọ́ báyìí ni Gábàsì wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kírun, ẹ béèrè bẹ́ẹ̀. Wọn kì í bínú sí i.

Lọ́jọ́ kẹta ni ìjà dé. Ọ̀gá mi pè mí, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá Bàámi, ó nàka. Tìmùtìmù wà níhòòhò. Ṣíìtì, bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìrọ̀rí, Bàámi ti ká gbogbo ẹ̀ pọ̀ rubutu bí ìgbà tí a bá ká ẹní, wọ́n dè é ní okùn, wọ́n gbé e nàró sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ti fọ ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìdájí. Mo ti ń tún un ṣe láìwí nǹkan kan. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá ló ṣáájú mi débẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mi ò tún yàrá ṣe. Mo mọ ohun tí ìyẹn lè ṣe sí ìwé tuntun mi.

Mo rí Bàámi lókè, níbi tí wọ́n jókòó sí pẹ̀lú báàgì kékeré lórí ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé lẹ́tà náà wà nínú ẹ̀.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ká bẹ́ẹ̀dì mọ́. Wọ́n ti kọ orúkọ mi sílẹ̀."

"Kí ọmọ mi wá máa tún ibi tí mo sùn ṣe? Kí n jókòó kí n máa wò ó?"

"Nílé ńkọ́? Ta ló ń gbá yàrá yín kí n tó kúrò?"

"Ilé nìyẹn. Níbí, wọ́n ń sanwó fún ẹ ni."

Ẹnu mi ti là kí n tó mọ̀. "Ṣé wọn kì í sanwó fún ẹ̀yin náà ni? Ilẹ̀kùn tí ẹ ń ṣe ní Wuse, ṣé ẹ̀yin lẹ ń gbà á wọlé?"

Bàámi yíjú sí mi. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò sọ̀rọ̀ sí wọn bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Wọ́n ní, "Ilẹ̀kùn níṣẹ́ nínú."

"Ẹ wá wo tèmi nígbà náà," ni mo wí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kan ilẹ̀kùn. Bàámi ti dìde, ṣíìtì wà lórí bẹ́ẹ̀dì bí wọ́n ṣe fi sílẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n ká ọwọ́. Mo tú bẹ́ẹ̀dì. Mo tẹ́ ṣíìtì tuntun, mo fa á, mo ṣẹ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tẹ̀ ẹ́ wọlé, mo da bùláńkẹ́ẹ̀tì lé e, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nà án. Mi ò wo ẹ̀yìn. Nígbà tí mo ṣe tán, mo gbọ́ ìró tépù. Bàámi ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wọn ibi tí bùláńkẹ́ẹ̀tì sọ̀ kalẹ̀ dé.

"Ínṣì mẹ́sàn-án," ni wọ́n wí. Wọ́n lọ sí òdì kejì, wọ́n tún kúnlẹ̀. "Mẹ́sàn-án."

Wọ́n fi àtàńpàkò tẹ igun ibi ẹsẹ̀, wọ́n tẹ ìkejì. "Kí lo fi wọ̀n ọ́n?"

"Ojú ni."

Mo bọ́ sí yàrá kejì, Bàámi tẹ̀ lé mi, wọ́n dúró sí ẹnu ọ̀nà. Yàrá kẹta, ìkẹrin, gbogbo méjèèjìlá. Wọn ò wọ yàrá olówó kankan o, ọrùn ni wọ́n ń nà. Ní ìkẹsàn-án, bàbá òyìnbó kan bi mí bóyá ayẹ̀wò ni wọ́n wá ṣe. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn ìkejìlá, mo fi ọwọ́ di ìbàdí.

"Ṣé ẹ̀yìn ń dùn ẹ́?"

"Ó ń dùn mí, Bàámi."

"Èmi náà, ibẹ̀ yẹn gan-an ló ń dùn mí." Wọ́n ká tépù sápò. "O kú iṣẹ́."

Ọdún mẹ́ta. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, láàárín àwọn ṣíìtì ìdọ̀tí, mo sunkún bí ọmọdé. Bàámi dúró tì mí, wọ́n ń sọ fún àwọn tó ń kọjá pé, "Nó wọ̀rí, nó wọ̀rí."

Síbẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà. Ọjọ́ ń lọ, a sọ̀kalẹ̀ ní erékùṣù méjì, Bàámi ń wo aago ọkọ̀ bí mo ṣe wí, báàgì kékeré kì í kúrò léjìká wọn. Mi ò lè béèrè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, mo lọ bá wọn di ẹrù. "Bàámi, ìrọ̀lẹ́ yìí ni a máa ń gbé báàgì ńlá sí ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n lè kó o sọ̀kalẹ̀. Ohun tí ẹ ò bá ní lò lọ́la ni kí ẹ dì sínú ẹ̀. Ohun tí ẹ máa lò, kí ó wà nínú kékeré. Òyìnbó kan ti di gbogbo ṣòkòtò ẹ̀ síbẹ̀ rí. Aṣọ tábìlì ló ró sọ̀kalẹ̀."

Bàámi rẹ́rìn-ín títí súwẹ́tà fi ń mì. Wọ́n ká agbádá, wọ́n kó bàtà, wọ́n to gbogbo ẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, wọ́n fa báàgì kékeré mọ́ra, wọ́n yọ àpòòwé kan tó ní òǹtẹ̀ iléèwé lára.

"Ọ̀gá ẹ ti sọ fún mi. Ọ̀la ni wọ́n ní kí o wá fọwọ́ síwèé tuntun?"

"Ọ̀la ni, Bàámi. Láàárọ̀."

Wọ́n yí àpòòwé náà padà, wọ́n wo ẹ̀yìn ẹ̀. Wọ́n wá tì í bọ abẹ́ agbádá, nísàlẹ̀ báàgì ńlá pátápátá, wọ́n fa síìpù, wọ́n fúnra wọn gbé e sí ẹnu ọ̀nà.

"Sún un kọjá díẹ̀," ni Bàámi wí, "kí ẹnikẹ́ni má fẹsẹ̀ kọ ọ́."

Mo fọwọ́ síwèé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bàámi lọ sílé. Ní Sátidé àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e, mo pe ọ́fíìsì agbaṣẹ́ṣe, mo ti ṣètò ohun tí màá sọ fún Màámi. Ohùn Bàámi ni mo gbọ́, wọ́n ń pariwo bí ẹni pé kí n gbọ́ láìsí fóònù.

"Ìwọ nìyẹn? Dúró! Péńtà! Péńtà, sọ búrọ́ọ̀ṣì yẹn kalẹ̀! Ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ wọlé wá! Ọmọ mi rè é lórí fóònù. Ẹ ti ń bi mí ohun tó ń ṣe lókè òkun. Bẹ́ẹ̀dì ló ń tẹ́! Yàrá méjìlá kí oòrùn tó mú, igun kan ò yẹ̀! Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n!"

"Kai!" ni mo gbọ́ tí Péńtà wí.

Ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tí Màámi ń bẹ Bàámi pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn náà kí mi, Bàámi sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ní sùúrù, àwọn ò tíì sọ ti Gábàsì. Wọn ò gbé fóònù náà fún ẹnì kankan títí owó tó wà lọ́wọ́ mi fi tán.